Ilé, Ilẹ̀ àti Títì: Káńsù Ìlú Èkó àti Ètò Àtúnṣe Ìlú, 1908 sí 1972

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: ilé. Ilé ni ògiri àti òrùlé tí ènìyàn ń sùn sí; ilé ni àwọn ènìyàn tí wọ́n jọ ń gbé abẹ́ òrùlé náà; ilé sì ni ìran tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, àti òkú àti alààyè. Bí àwọn àgbà bá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, kò sí ẹni tí yóò rò pé ògiri ni wọ́n ń wò. Nínú ìwé òfin tí ìjọba fi ń tún ìlú Èkó ṣe láyé òyìnbó, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ohun tí a lè wọ̀n, tí a lè díye lé, tí a sì lè wó. Àríyànjiyàn tí ó wáyé láàrin ìjọba, Káńsù Ìlú àti àwọn ọmọ onílé lórí omi, gọ́tà, títì àti ibùgbé kò lè yé ènìyàn dáadáa bí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. Àwọn òǹkọ̀wé kan ti kọ ìtàn náà bí ẹni pé àwọn ará Èkó kò fẹ́ ìmọ́tótó, àti pé àwọn tí ó fẹ́ ìtẹ̀síwájú ń bá àwọn tí kò fẹ́ ẹ jà ni. Ohun tí àkọsílẹ̀ fi hàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé ni ìjà náà dá lé.

Erékùṣù tí ó kún

Omi ni ó pààlà fún Èkó. Ọ̀sà wà níwájú, ẹrẹ̀ àti àbàtà wà lẹ́yìn, ilẹ̀ gbígbẹ tí ó wà láàrin kò sì pọ̀. Lórí ilẹ̀ kékeré yìí ni onírúurú ènìyàn ti wá tẹ̀dó. Àwọn onílẹ̀ àtètèkọ́ṣe, pẹ̀lú ọba àti àwọn ìjòyè, wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn Sàró, tí wọ́n ti Sierra Leone padà wálé, wà ní Ọlọ́wọ́gbowó. Àwọn Àgùdà, tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil àti Cuba dé, kọ́ ilé sí Pópó Àgùdà, wọ́n sì mú ọgbọ́n ilé kíkọ́ tí wọ́n kọ́ lókè òkun wá pẹ̀lú wọn. Ní 1862, nígbà tí Kòsọ́kọ́ padà láti Ẹ̀pẹ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ bá Ọ̀ṣọ́dì Tápà tẹ̀dó sí agbo-ilé 21 ní àdúgbò tí a wá ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àwọn òyìnbó oníṣòwò àti àwọn aṣojú ìjọba gba etí ọ̀sà ní Marina.

Agbo-ilé ni ìpìlẹ̀ ìlú náà. Ẹnu ọ̀nà kan, àgbàlá kan láàrin, yàrá yí i ká, kànga tàbí àmù ní ìgun kan. Ọ̀nà tí ó wà láàrin agbo-ilé kan àti èkejì kì í ṣe títì ní ìtumọ̀ tí àwọn awọnlẹ̀ fún un. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń dín àkàrà, ibẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré lójú àwọn àgbàlagbà tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ìnáwó bá sì dé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń pa àtíbàbà sí. Ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́ yọ, tóóró ni ọ̀nà náà. Bí òjò bá rọ̀, omi kò ríbi gbà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ẹwà agbo-ilé dé ibi tí yóò fi gbàgbé èyí. Àwọn tí ó gbé ibẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861, John Hawley Glover, tí ó ṣàkóso ìlú náà fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e, bẹ̀rẹ̀ sí í la títì. Ní 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rògbòdìyàn tí a ń pè ní Ìfọ́lé, Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ó sì la àwọn òpópónà ibẹ̀ gbọọrọ kí wọ́n tó kọ́lé. Títí di òní, ẹni tí ó bá rìn ní Èbúté Mẹ́ta yóò rí i pé títì ibẹ̀ tọ́ tààrà. Ìdí rẹ̀ kò jinnà: ilẹ̀ náà ṣófo. Èrò tí ó wọ ọkàn àwọn alákòóso láti ìgbà náà ni pé bí Èbúté Mẹ́ta ti rí ni ó yẹ kí Erékùṣù náà rí. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rò ni pé ní Erékùṣù, ilé ṣáájú títì.

Omi, àmù àti wolé-wolé

Ọ̀ràn àtúnṣe ìlú kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé, omi ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Kí omi ẹ̀rọ tó dé, kànga ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn mìíràn ń ra omi lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ní kànga tí ó dára, bí ti ìdílé Da Rocha ní òpópónà Kakawa, tí wọ́n fi ń pe ilé wọn ní Ilé Omi. Ní 1908, nígbà tí ìjọba gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, tí ó sì fẹ́ kí ará ìlú máa san owó rẹ̀, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti ta kò ó. Ní 1916, nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó náà ní tòótọ́, ìlú dàrú. Èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn kan fi ń sọ pé ará Èkó kọ omi mímọ́. Omi kọ́ ni wọ́n kọ̀. Ohun tí wọ́n wí ni pé wọn kò bá àwọn jíròrò kí wọ́n tó ná owó náà, àti pé àdúgbò àwọn òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, tí tálákà tí ó ní kànga nínú àgbàlá rẹ̀ yóò sì máa san owó omi tí kò béèrè fún.

Ẹni tí ará ìlú mọ̀ jù nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ni wolé-wolé. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yìí tó ìtàn lọ́tọ̀. Wọn kò pè é ní olùtọ́jú tàbí olùkọ́. Ohun tí ó ń ṣe gan-an ni wọ́n fi pè é: ó ń wolé. Ó lè wọlé oníléwó láìkàn'lẹ̀kùn, kí ó ṣí ìdérí àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, kí ó yọjú sí ẹ̀yìnkùlé àti ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Bí ó bá rí tanwíjí, obìnrin tí ó ni àmù ni yóò dé ilé ẹjọ́ tí yóò san owó ìtanràn. Bóyá ẹ̀fọn dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ìyá arúgbó kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó bí ó bá gbọ́ pé ìjọba fẹ́ tún ìlú ṣe ni ọmọkùnrin kan tí ó wọ ṣòkòtò kákí tí ó ń tẹjú mọ́ àmù rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àjàkálẹ̀ àrùn eku dé, ní 1924. Àrùn yìí, tí ó ń ti ara eku wọ ara ènìyàn nípasẹ̀ yọ̀rọ̀ tí ń gbé ara eku, pa ènìyàn púpọ̀, ó sì ń padà wá fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Ìlú náà ti kún ju bí ó ti yẹ lọ. Ìkànìyàn 1911 fi iye ènìyàn Èkó sí 73,766; ti 1921 fi í sí 99,690; ti 1931 sì fi í sí 126,108. Ilẹ̀ kò sì fẹ̀ sí i. Àrùn yìí ni ó jẹ́ kí ìjọba ṣe òfin ètò ìlú ti 1928, tí ó dá Ìgbìmọ̀ Ìdàgbàsókè Ìlú Èkó sílẹ̀, èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí L.E.D.B.

L.E.D.B. ṣe iṣẹ́ tí ó hàn sí gbogbo ojú. Ó di àbàtà Ìdúmàgbò, ó wó àwọn ilé kan ní Oko Awo, ó sì pín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì ní Yaba fún àwọn tí yóò kúrò ní Erékùṣù. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iṣẹ́ Ìdúmàgbò kò wúlò. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní 1928 tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ìtàn fi ń kọjá láìbìkítà: a yọ àṣẹ lórí bí ìlú yóò ti rí kúrò lọ́wọ́ Káńsù, a sì gbé e fún ìgbìmọ̀ mìíràn tí ará ìlú kò dìbò yàn.

Káńsù àti ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀

Láti 1920 ni ará Èkó ti ń dìbò yan díẹ̀ nínú àwọn ọmọ Káńsù Ìlú. Ìdìbò náà kò kárí. Àwọn tí ohun ìní wọn tàbí owó tí ń wọlé fún wọn bá dé ìwọ̀n kan ni ó láǹfààní rẹ̀, àwọn aṣojú ìjọba sì ni ó pọ̀ jù nínú ilé ìpàdé. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni àyè díẹ̀ tí ará ìlú ní láti sọ̀rọ̀ lórí títì tí ó kọjá ní iwájú ilé wọn. Ọjà, ìdọ̀tí, àwọn agbépòó, owó ilé tí onílé ń san lọ́dọọdún: èyí ni iṣẹ́ Káńsù.

Ní àkókò yìí kan náà ni ìlú Èkó gba ìdájọ́ kan tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìpàdé Káńsù lọ. Ìjọba ti gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú, ó sì ń sọ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ìjòyè Olúwa, nítorí náà owó gbà-máà-bínú tí ó tọ́ sí i kéré. Amodu Tijani, tí ó jẹ oyè Olúwa nígbà náà, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ ọba Èṣùgbàyí lọ́wọ́. Ní 1921 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù dá Olúwa láre. Ohun tí ìdájọ́ náà wí ni pé kò yẹ kí a fi ojú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ní Èkó. Ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé tàbí ti àwùjọ, olóyè ń dì í mú fún wọn ni, ìjọba tí ó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ ní kíkún. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìtumọ̀ ilẹ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó wọ inú ìwé òfin òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ lórí ilẹ̀ ni, kì í ṣe lórí ilé. Ó dáàbò bo owó ìdílé. Kò dáàbò bo ìdílé fúnra rẹ̀ kí a má baà tú u ká. Àlàfo yìí ni ọ̀ràn 1955 gbà wọlé.

Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn obìnrin ọjà ti fi hàn pé ibi tí nǹkan wà ṣe pàtàkì bí nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1930, ìjọba fẹ́ kó ọjà Erékò lọ sí Olúwolé. Alimotu Pelewura, tí ó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ọjà náà, kò gbà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró ti ìsọ̀ wọn. Ní ojú ẹni tí ń ya àwòrán ìlú, ọjà kan náà ni, tí a kàn ṣí nípò díẹ̀. Ní ojú ẹni tí ń ta ẹja, oníbàárà tí ó mọ ìsọ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ kò lè bá a ṣí nípò.

Ní 1950 nǹkan yí padà. Òfin tuntun fún gbogbo àgbàlagbà ní Èkó ní àṣẹ láti dìbò, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹgbẹ́ NCNC àti àwọn alájọṣepọ̀ rẹ̀ gba àga 18 nínú 24, Dókítà Abubakar Ibiyinka Olorun-Nimbe sì di olórí ìlú, ìyẹn Méyọ̀ àkọ́kọ́. Òun náà ni ó sì kẹ́yìn nínú ètò náà. Ìwádìí tí Bernard Storey ṣe sí àkóso Káńsù bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Èkó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, sì fi òfin 1953 pa ipò Méyọ̀ rẹ́, ó fi ọba Adéníji Àdèlé ṣe ààrẹ Káńsù. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn pátápátá, ó di ti ìjọba àpapọ̀. Láàrin ọdún mẹ́rin, ìlú kan ní ọ̀gá mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ohùn Káńsù kò fi rinlẹ̀ nígbà tí katapílà dé, kí ó wo àwọn ọdún wọ̀nyí.

Éékà 70

Láti 1951 ni èrò àtiwó àárín ìlú Èkó ti wà ní orí tábìlì. Ní 1955, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i, L.E.D.B. sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí ó tó éékà 70 ní àárín gbùngbùn Erékùṣù. Òmìnira ń bọ̀. Àwọn mínísítà kò fẹ́ kí àlejò tí ó bá wá sí olú-ìlú orílẹ̀-èdè tuntun kọjá láàrin páánù tí ó ti dípẹtà. Èrò yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan mọ́. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn mínísítà tí ó gbà á wọlé, èyí sì ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu àwọn ọmọ onílé: ẹni tí ó yẹ kí ó mọ ohun tí ilé jẹ́ ni ó ń pè é ní ìdọ̀tí. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira tán, Musa Yar'Adua, ọmọ Katsina, ni ó wà nípò mínísítà fún ọ̀ràn Èkó. Kò sí ìbò kan ní Èkó tí ó lè gbé e wọlé tàbí yọ ọ́.

Ètò náà rọrùn láti sọ. L.E.D.B. yóò ra gbogbo ilẹ̀ àti ilé tí ó wà níbẹ̀, yóò wó wọn, yóò la títì gbòòrò, yóò tún ilẹ̀ pín sí púlọ́ọ̀tì, àwọn tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ yóò sì láǹfààní láti rà á padà, ní iye tí ó ju owó tí wọ́n gbà lọ. Àwọn tí wọ́n bá kó kúrò yóò rí ilé háyà tí owó rẹ̀ kò wọ́n ní Surulere, ní nǹkan bí máìlì 4 tàbí 5 sí ibẹ̀, ní ìkọjá afárá. Sùúrù lérè: orúkọ náà dà bí ẹni pé wọ́n fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń kó lọ.

Níbi ríra ilẹ̀ padà ni ètò náà ti kọ́kọ́ yà bàrá. Ilé ìdílé kan lè ní ogún ènìyàn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i, láti orí ọmọ títí dé orí ọmọ-ọmọ. Bí L.E.D.B. bá san owó gbà-máà-bínú, owó náà yóò pín sí ọ̀nà ogún. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan kò sì lè ra púlọ́ọ̀tì kankan. Ohun tí kò ṣeé pín nígbà tí ó jẹ́ ilé di ohun tí ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ nígbà tí ó di owó. Òfin kò jalè. Ó san owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n san án tán, ẹni tí ó lè padà wá kò pọ̀, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n wó sì di ti ilé ìṣòwò àti ti ọ́fíìsì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó lọ sí Surulere kò sọnù, nítorí pé Peter Marris, onímọ̀ àwùjọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ láti ilé dé ilé ní àárín ìlú àti ní Surulere ní 1958 àti 1959, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tí ó bá pàdé ní Erékùṣù ni pé àwọn ìbátan ń rí ara wọn lójoojúmọ́. Ọmọ ń gbé oúnjẹ lọ fún ìyá; ẹ̀gbọ́n ń yá àbúrò lówó; àgbàlagbà tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ kò wá ìtọ́jú jìnnà. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Surulere rí yàrá tí ó mọ́, omi ẹ̀rọ àti títì tí ọkọ̀ lè gbà. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn ibẹ̀, pàápàá ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà sì yẹ ní sísọ. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ dé. Baálé tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́ ní Marina ní láti wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Obìnrin tí ó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà agbo-ilé pàtẹ ọjà kan náà sí iwájú ilé tuntun, oníbàárà kò dé. Nígbà tí òwò ìyàwó kú, tí owó ọkọ kò sì tó ó ná, ìdílé mìíràn pín sí méjì: ìyàwó kó ọmọ, ó padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tí ó ń rí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Bí a bá fi ìtumọ̀ tí òfin fún ilé wò ó, gbogbo wọn ni ó rí ilé tí ó dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dójú rú gan-an nìyí. Iye yàrá ni L.E.D.B. fi ka ilé: ọkọ, ìyàwó, àwọn ọmọ. Kò sí yàrá ìyá ọkọ nínú rẹ̀, kò sí ti ọmọ ẹ̀gbọ́n tí ó ti oko wá kọ́ṣẹ́, kò sì sí àgbàlá tí a lè ṣe ìsìnkú sí.

Kò sí ẹ̀rí pé Káńsù dójú ìjà kọ ètò yìí tokuntokun, kò sì yẹ kí ìfẹ́ ìlú ẹni mú òǹkọ̀wé ìtàn sọ ọ́ di akọni. Àwọn káńsẹ́lọ̀ mìíràn fẹ́ títì gbòòrò bí àwọn mínísítà ti fẹ́ ẹ. Ohun tí Káńsù rí ṣe ni èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ní 1958 ó ra ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ J. N. Zarpas, ó sì sọ ọ́ di ti ìlú. Ìgbà náà gan-an ni àwọn ará Surulere nílò ọkọ̀ jù, nítorí pé afárá kan ṣoṣo, Afárá Carter, ni ó so wọ́n mọ́ Erékùṣù. Nínú gbogbo ohun tí ìjọba ṣe sí ọ̀ràn náà, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀sì yìí jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tí ó ran obìnrin ọjà lọ́wọ́ láti dé ìsọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀.

Ọ̀ràn bí ènìyàn yóò ti máa dé ibi tí ó ń lọ yìí tún ní apá mìíràn. Àwọn alátùn-únṣe fi fífẹ̀ ọkọ̀ díwọ̀n títì. Tóóró ni ọ̀nà agbo-ilé fún mọ́tò, ṣùgbọ́n afọ́jú tí a bí síbẹ̀ mọ gbogbo ìgun rẹ̀, arúgbó tí ń fi ọ̀pá tilẹ̀ sì lè dúró mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn. Títì tuntun gbòòrò, gọ́tà jíjìn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, tí ó jẹ́ pé pákó tí wọ́n tẹ́ lé e ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó wọ ilé. Ó di 2011 kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó ṣe òfin fún ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá, ó sì di oṣù kìn-ín-ní 2019 kí ààrẹ orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí ó fún àwọn ilé ìlò gbogbo ènìyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe.

Wọn kò parí éékà 70 náà bí wọ́n ti gbèrò rẹ̀. Owó wọ́n, ẹjọ́ pọ̀, ibi tí wọ́n ti wó kò sì tó èyí tí ó kù. Káńsù di Káńsù Ìlú-Ńlá Èkó ní 1963. Ìpínlẹ̀ dé ní 1967. Ní 1972 wọ́n da L.E.D.B. pọ̀ mọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ètò ìlú ti Ìkẹjà àti ti Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì pè é ní LSDPC. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é kò bá orúkọ lọ. Nígbà tí ìjọba ológun wó Maroko ní oṣù keje 1990, kò tilẹ̀ sí Surulere kankan tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ de ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n lé. Ọ̀kan nínú àwọn ilé Àgùdà tí ó la ìgbà L.E.D.B. já, Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinubu, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, kò kọjá 2016. Ìjọba kọ́ ni ó wó o. Títì kọ́ sì ni wọ́n fẹ́ là.

Ní 20 oṣù karùn-ún 2017, Ẹyọ̀ jáde ní Èkó fún ayẹyẹ àádọ́ta ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìga ìdílé ni Ẹyọ̀ ti ń jáde, akẹtẹ̀ ìga kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọ agbádá funfun lọ́jọ́ náà kò sùn ní Erékùṣù; Surulere, Mushin àti Agége ni wọ́n ti wá, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tí ọkọ̀ L.E.D.B. kó ẹrù wọn kọjá afárá. Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n sì tò sí ẹnu ọ̀nà ìga, níbi tí àwọn ìyá ti jókòó tí wọ́n ń fi oríkì kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé.